Àwo Oníyàrá Mẹ́ta

Àkọ́bí mi,

Àlàáfíà fún ọ, fún ilé tí ò ń sùn, àti fún ọ̀gá tí ń san owó oṣù rẹ, kí inú rẹ̀ máa dùn sí ọ pàápàá bí oṣù bá ti ń parí lọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ padà. Ajá wa bímọ. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò. Mo mọ̀ pé káfíńtà ni mí, má rẹ́rìn-ín.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ jù, pé bí mi ò bá ṣọ́ ẹnu mi, ojú mi lè bá a lọ. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Káfíńtà tí kò rí ìlà, kí ló fẹ́ fi ayùn gé bí kò ṣe ìka ara rẹ̀? Ó wá fi àwòrán àwo kan hàn mí lára ògiri: kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, nínú ìdajì tó kù, kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba apá kan, kí ìrẹsì gba apá kan. Mo ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Iṣẹ́ ọwọ́ mi kúkú ni.

Mo fi pákó gidi kan àwo náà, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo pín inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́ta. Yàrá ìrẹsì kéré gan-an bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, àmọ́ mo jẹ́ kí ògiri rẹ̀ ga dé ìgúnpá mi, torí kò síbi tí wọ́n kọ gíga sí nínú àwòrán yẹn. Ìyá rẹ ní ara mi ni mò ń tàn jẹ. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n sílẹ̀ fún ẹni tó ni téèpù.

Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n gún mi ní àtàǹpàkò láti fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ṣúgà tún ti gòkè sí i. Mo ní kí wọ́n gún ìka mìíràn, torí àtàǹpàkò yẹn ni mo fi ń tọ́ oyin wò. Iye kan náà ni ẹ̀rọ gbé jáde. Nọ́ọ̀sì bá tẹ̀ lé mi wálé wá wo àwo náà, ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí ìyá rẹ da ìrẹsì tó wà nínú yàrá yẹn sórí tíréè. Ó tó oúnjẹ èèyàn mẹ́rin. Ojú tì mí. Ìyá rẹ bú sẹ́kún, ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀ ni. Mo dìde, mo mú ayùn, mo gé ògiri náà wálẹ̀ níṣojú wọn.

Ẹ̀fọ́ ò burú téèyàn bá rọra jẹ ẹ́, ṣúgà náà sì ti ń wálẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ kí n lọ yẹ ojú mi wò ní ilé ìwòsàn ńlá. Má fi sínú fóònù o. Níjọ́sí tó dún pé owó ti wọlé, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ títí, bátìrì nìkan ni mo bá.

Nọ́ọ̀sì ní àìsàn yìí máa ń tẹ̀ lé ìdílé, mo sì rí ikùn rẹ nínú fọ́tò. Mo ti kan àwo tìrẹ, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé e dání. Ògiri rẹ̀ ò ga ju ibú ìka kan lọ, má bu òkìtì lé e. Jogún ayùn mi, jogún ilé mi, jogún agídí mi pàápàá bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má jogún ṣúgà mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o fi ojú ara rẹ rí ọmọ ọmọ rẹ, kí èmi náà sì fi tèmi rí ìyàwó tó o ní ò ń mú bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n tó ń ríran.