Fídíò Tí Mo Fi Gba Blue Badge Fún Bàbá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orúkọ mi síta, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá, torí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnì kankan nílé... Mo jókòó sínú mọ́tò ní Peckham níbí, mo ń wo bàbá mi bí wọ́n ṣe ń jìyà lójú títì, mo sì ń fi fóònù ká wọn sílẹ̀. Mi ò sọ̀kalẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi, tí ẹ bá wá fẹ́ bú mi lẹ́yìn ìyẹn, ó tọ́ sí mi.

Daddy mi wa bọ́ọ̀sì ní London yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, ìbàdí ń dùn wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, tí wọ́n bá rìn díẹ̀ wọ́n á dúró, wọ́n á wá nǹkan dì mú, wọ́n á mí. Kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ láyé yìí tó ìrun Jímọ̀. Àmọ́ kò síbi téèyàn lè páàkì sí nítòsí mọ́ṣáláṣí wa àyàfi tó bá ní Blue Badge, káàdì tí wọ́n ń gbé síwájú mọ́tò ẹni tí ẹsẹ̀ ò gbé dáadáa mọ́. So ọ̀nà jíjìn ni mo máa ń páàkì sí, a ó wá máa fẹsẹ̀ wọ́ lọ, nígbà tí a bá fi máa débẹ̀, ìmáàmù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kútúbà, wáàsí Jímọ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n sọ pé bóyá kí àwọn kúkú máa kírun nílé. Ojú wọn ò dáa lọ́jọ́ yẹn rárá. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀, a máa apply.

Àwọn council tó ń fún èèyàn ní badge yẹn pè wá fún assessment, pé àwọn fẹ́ rí bí Daddy ṣe ń rìn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn bàbá wa... Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n fúnra wọn lọ̀, wọ́n dé fìlà, wọ́n lo oògùn ìrora, wọ́n wá fi ọ̀pá wọn sílẹ̀ sínú mọ́tò. Wọ́n ní èèyàn kì í lọ síwájú àlejò bí ẹni tó fẹ́ tọrọ báárà. Obìnrin tó ń yẹ̀ wọ́n wò béèrè pé báwo ni ìrìn, wọ́n ní I'm fine, Alhamdulillah, we thank God. Ó ní ṣé ìrora wà, wọ́n ní small small. Wọ́n rin kọ́rídọ̀ yẹn lọ, wọ́n rìn ín bọ̀ bí ọkọ ìyàwó! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n wò mí lójú báyìí pé kí n má dá sí i. Ìgbà tí a padà dé ìdí mọ́tò, wọn ò lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, èmi ni mo bá wọn gbé e. Kò pẹ́ tí lẹ́tà dé pé wọn ò fún wa, pé Daddy ń rìn dáadáa. Mi ò lè bínú sí wọn, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ.

A lè ní kí wọ́n tún un wò. Mo lọ bá Aunty kan tó máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí nǹkan council. Wọ́n ní kí n má kàn dárúkọ àìsàn, torí kì í ṣe orúkọ àìsàn ni council ń wò. Báwo ni Daddy ṣe ń rìn jìnnà tó kí wọ́n tó dúró? Báwo ni ìrora ṣe ń ṣe wọ́n, ó sì ń pẹ́ tó kí ara wọn tó balẹ̀? Wọ́n ní kí n gba lẹ́tà lọ́wọ́ physio tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ wọn, pé tí mo bá tún ní fídíò ibi tí wọ́n ti ń rìn lọ́jọ́ lásán, ó lè ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ kí n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Daddy. Mo délé, mo sọ fún Daddy. Wọ́n bínú gan-an. Wọ́n ní kí n má fi ẹnu mi sọ pé bàbá mi ò lè rìn mọ́, màláíkà tó bá gbọ́ ọ á ṣe àmín sí i. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ni mo bá parọ́. Mo sọ fún wọn pé mo ní shift lọ́jọ́ Jímọ̀, pé kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Mi ò ní shift kankan. Mo lọ páàkì sí òdìkejì ibi tí bọ́ọ̀sì máa já wọn sí. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn. Wọ́n kọ́kọ́ di òpó bọ́ọ̀sì-stop mú. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn irin ìsọ̀ alápatà kan, àwọn èèyàn ń gbé báàgì ọjà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n tún dé ibi tí wọ́n to páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí síta, wọ́n fọwọ́ tì í, ni fìlà wọn bá já bọ́. Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò ó nílẹ̀... Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò o. Nǹkan kan nínú mi ní tí o bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, o ti ba fídíò yẹn jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ carer ni mò ń ṣe, bàbá oníbàbá ni mò ń dì mú lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà ṣubú. Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi tiẹ̀ dùn, torí mo rí i pé fídíò yẹn máa dára. Obìnrin kan tó ń fa trolley ló mú fìlà yẹn nílẹ̀, ó dé e fún wọn, ó di apá wọn mú, ó sì sìn wọ́n lọ. Mo ká ìyẹn náà.

Mo fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí council láì sọ fún Daddy, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí badge dé, Daddy forí kanlẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n ní àdúrà ló gbà á. Wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún obìnrin tó yẹ̀ wọ́n wò. Báyìí wọ́n ń gbọ́ kútúbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ara wọn yá. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀. Tí mo bá ti gbé badge yẹn síwájú mọ́tò, fìlà yẹn ni mò ń rí nílẹ̀. Tí mo bá wà níbi iṣẹ́, tí mo di bàbá kan mú, ojú Daddy mi ni mò ń rí. Mi ò lè pa fídíò yẹn rẹ́, mi ò sì mọ ìdí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, à ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, Daddy kàn dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọjọ́ kan wà tí àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ní Rye Lane, lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, pé àwọn rí mọ́tò kan ní òdìkejì tó jọ tiwa gan-an, àwọn tiẹ̀ na ọwọ́ sí i. Wọ́n ní ìgbà tó yá àwọn rántí pé mo wà ní shift. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká ní kò tiẹ̀ sí shift kankan, àwọn mọ̀ pé kò lè jẹ́ èmi, ọmọ àwọn ò lè rí àwọn bẹ́ẹ̀ kó jókòó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Daddy, kì í ṣe mọ́tò wa.

Mo padà lọ wo fídíò yẹn. Òótọ́ ni. Kí obìnrin yẹn tó dé, Daddy gbọ́wọ́ sókè. Mo ti rò pé nǹkan tí wọ́n máa dì mú ni wọ́n ń wá. Èmi ni wọ́n ń pè.

Ẹ gbà mí o. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn? Mo mọ bàbá mi, tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á dá badge yẹn padà, wọn ò sì ní lọ kírun Jímọ̀ mọ́. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ṣé kí n máa gbé wọn lọ, kí wọ́n máa ṣàdúrà fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò yìí kan náà, kí n sì máa ṣe àmín? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni bàbá mi, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?