Lórí Ọ̀rọ̀ Bísíkíìtì, Ajá Tí O Ní Kí N Kọ́

Agọ́ Elérò,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Gbénró ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Kúnbi ìyàwó wa ńkọ́? Tiwa ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó yọ ti ń padà hù? Mo kí gbogbo yín n'Ìkòsí, mo kí àwọn ará ilé yín ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Omi tó ya wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ yín nígbà òjò, kò ní mọ ọ̀nà ilé tiyín. Iṣẹ́ kò ní wọ́n ọ lọ́wọ́, àárẹ̀ kò ní mọ orúkọ rẹ, ẹ̀mí wa a sì gùn láti rí ara wa, àmín.

Èmi náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún òsì ṣì ń dá mi lóhùn tí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún mi ti le ju ti ọdún tó kọjá lọ, nítorí bọ́ọ̀lù tí mo ń jù. Ìyẹn gan-an ló mú mi mú bírò, torí tí mo bá ń sọ ọ́ lórí fóònù, o ó ní Bàámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti dùn jù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín máa ń dé sí. Ràímì ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ nígbà tó bá ń fi mọ́tò rẹ̀ kó ata lọ sí Mile 12 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Ajá Tiwa ń kó nǹkan àwọn ayálégbé yín. Ó gbé sílípáàsì Màmá Loveth, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ Enoch tó ń ṣọ́ géètì, ó gbé ọmọrogùn kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí di báyìí, kì í sì í dá a padà. Lanlọ́ọ̀dù yín wá ní àfi kí ajá yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan padà kí ọdún yìí tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé àwọn mọ́ láéláé. Tiwa ń sunkún, kò jẹun. Ìwọ wá rántí pé ọmọ ọdẹ ni mí, o gbé ajá sínú mọ́tò Ràímì, òun àti àpò nǹkan ìṣeré rẹ̀, o ní kí n máa ju bọ́ọ̀lù, kí ajá sáré lọ gbé e, kí ó gbé e padà wá, kí ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú mi. Mo gbọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Wàhálà orúkọ ló kọ́kọ́ dé. Èmi ò mọ irú ẹni tó ń sọ ajá ní Bísíkíìtì. Ọjọ́ kìíní tí mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí mo pariwo Bísíkíìtì, Bísíkíìtì, àwọn ọmọ ilé Alàgbà Richard mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sáré jáde, tí wọ́n tẹ́wọ́, ajá sì jókòó, ó ń wò wọ́n. Mo ní láti ra páálí bísíkíìtì kan kí wọ́n tó lọ. Láti ọjọ́ náà, jẹ́jẹ́ ni mo ń pè é, bí ẹni ń pe ìyàwó tó ń bínú.

Ó wá kan bọ́ọ̀lù. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé tí o fi ránṣẹ́ yẹn kò sí mọ́. O mọ̀ pé nílé baba tiwa, ajá kì í gbé ẹran wálé kí a má fún un ní ìpín tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Baba mi a máa gé e fún un kó tó bọ́ àpò ọdẹ lọ́rùn. Nítorí náà, nígbà tí Bísíkíìtì kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù yẹn padà wá, tó ń mí hẹlẹ, orí mi wú, mo yọ ọ̀bẹ, mo la bọ́ọ̀lù náà sí méjì, mo fún un ní ìdajì. Áà, òfìfo ni inú rẹ̀! Kò sí ẹ̀dọ̀, kò sí kíndìnrín, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ajá wo ìdajì tirẹ̀, ó wo ojú mi, ó lọ dùbúlẹ̀, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an. Kóró mángòrò gbígbẹ tí mo fi aṣọ wé ni à ń lò báyìí. Eku rọ́bà tó wà nínú àpò náà, mo ti gbé e sórí àjà, torí bí ajá bá ti fi eyín kàn án, á ké fíín, n ò sì lè jókòó máa wo nǹkan tó ń jẹ ìrora bẹ́ẹ̀.

O tún ní kí n máa wo òyìnbó tó ń kọ́ ajá tirẹ̀ nínú fóònù. Démiládé, tíṣà wa níhìn-ín, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo kí òyìnbó yẹn káàárọ̀, mo kí i káàsán, kò dáhùn, mo ní kò burú, ọwọ́ rẹ̀ dí. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò sí ìgbà tí Démiládé máa tẹ fóònù yẹn tí ọkùnrin náà kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò jẹun, kò mu omi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ti sọ fún Démiládé pé tí oòrùn bá ti mú, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ọkùnrin náà lè rí ibòji jókòó sí. Bá mi bẹ ẹni tó gbà á síṣẹ́ pé kó máa fún un láyè sinmi.

Òwúrọ̀ ni àkókò tó dùn jù. Mo máa gbé àga mi sábẹ́ igi mángòrò, kùrukùru ọyẹ́ á ti bo oko ẹ̀gẹ́ débi pé n ò ní rí kọjá ebè kẹta. N ó ju kóró náà, á wọ inú funfun yẹn lọ. Ajá náà á wọ inú funfun yẹn tẹ̀lé e. Gbogbo ayé á wá dákẹ́. N ò ní gbọ́ nǹkan kan, n ò ní rí nǹkan kan, ọkàn mi á máa sọ pé ó ti lọ nìyẹn, kí n tó rí imú rẹ̀, kí n tó rí etí rẹ̀, kí gbogbo ara rẹ̀ tó yọ sí mi díẹ̀díẹ̀. Gbénró, mo lè jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà mìíràn oorun á gbé mi lọ lórí àga, n ó tún máa ju kóró náà lójú àlá, apá kì í sì í dùn mí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo ju kóró, ohun tí ajá gbé wá kì í ṣe kóró. Bàtà rọ́bà aláwọ̀ búlúù ni, ti ẹsẹ̀ òsì, iyẹ̀pẹ̀ ti kún inú rẹ̀, wọ́n fi okùn dúdú rán ìkọ́ rẹ̀. Bàtà ìyá rẹ ni. Èyí tó wá títí lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀, tó ní èmi ni mo gbé e sọnù, tí a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ajá jù ú sílẹ̀ níwájú mi, ó jókòó, ó ń retí kí n tún un jù. N ò lè jù ú. Mo gbé e lé itan, mo sunkún, n ò ní fi pamọ́ fún ọ. Mo ní ìyá Gbénró, o rí i, èmi kọ́ ni mo gbé e. Láti ọjọ́ náà, apá ibẹ̀ ni mo ń ju kóró sí, bí mo bá sì di ojú, á dà bíi pé ẹnìkan wà lódìkejì oko ẹ̀gẹ́ tó ń gbà á, tó sì ń fi rán ajá padà sí mi. Kò bà mí lẹ́rù rárá. Ó ń tù mí lára.

Gbénró, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ ká láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ajá náà ti mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo bá jù, á gbé e padà. Ohun tí n ò jù pàápàá, á dá a padà: ó gbé fìlà Alàgbà Richard lọ láàárọ̀ àná, ó sì lọ gbé e lé ẹsẹ̀ Alàgbà fúnra rẹ̀ kó tó dọ̀sán. Nígbà tí Tiwa pè mí lọ́jọ́sí tó ní Bàbá àgbà, ṣé Bísíkíìtì ti mọ̀ ọ́n, mo ní rárá, olórí kunkun ni. Ajá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó lọ ń wá a lẹ́yìn fóònù, ó wá a dé abẹ́ àga. Mo purọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ojú ń tì mí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ohùn ara mi nìkan ni mò ń gbọ́ nínú ilé yìí, bí mo bá wúkọ́, kò sẹ́ni tí yóò ní pẹ̀lẹ́. Ní báyìí, bí mo bá wúkọ́, ajá á gbórí sókè wò mí. Ohun tí mo torí ẹ̀ purọ́ nìyẹn, mo gbé ajá ọmọ ọlọ́mọ pamọ́.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ọdún parí. N ò ní gbé e sórí apẹ̀rẹ̀ ata Ràímì mọ́, ọjọ́ méjì ló fi sín nígbà tó dé. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ mú un wá. Mo mọ̀ pé mo ti ní n ò ní dé apá Kétu yín mọ́, lẹ́yìn ọjọ́ tí mo fẹsẹ̀ rìn láti Mile 12 dé Ọjọ́ta, tí mò ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, tí ohùn mi há kí ẹni mẹ́rin tó dá mi lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó bá jókòó nìkan ni n ó máa kí.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ rán Ràímì sí mi, ti ènìyàn kan àti ti ajá kan, torí awakọ̀ ní bí ajá bá jókòó lórí àga, yóò sanwó. Fi ti bọ́ọ̀lù tuntun kún un, n ò ní là á. Bí owó bá ṣì kù, kí Kúnbi bá mi ra òróró tí wọ́n fi ń ra orúnkún.

Ẹyọ kan ló kù, ó sì ń ṣòro fún mi láti kọ. Bí lanlọ́ọ̀dù bá ti rí i pé ajá náà ń dá nǹkan padà, tí inú wọn sì dùn, bá mi bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bóyá òfin ilé wọn gba bàbá àgbàlagbà kan tí kì í mú nǹkan onínǹkan. N ò jẹun púpọ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn tó mi sùn. Bí wọ́n bá ní rárá, n ó padà sílé, n ò ní bínú, kí ajá ṣáà wà lọ́dọ̀ Tiwa.

Ẹlẹ́dàá tó mọ ibi tí o wà kò ní mú ojú kúrò lára rẹ. Ìyàwó rẹ kò ní wá ọ tì, ọmọ rẹ a tọ́jú rẹ dọ́jọ́ alẹ́. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni yóò ṣí i.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí èsì,
Ayọ̀ọlá.