Ojú-Ìwé Tí Mo Fò

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, àti pé orúnkún yín ti jẹ́ kí ẹ sùn. Èmi wà dáadáa. Lónìí gan-an, mo wà ju dáadáa lọ.

Ẹ bi mí ìdí tí mi ò fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní iṣẹ́ ni. Irọ́ ni mo pa.

Ẹ mọ̀ pé àwa mẹ́ta la jọ ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé alámì kóńkó-kóńkó tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà. Èmi ni mo tẹ èyí tí Màmá Afìkaríran, òǹkàwé ìjọ wa, máa kà lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ti gán an pọ̀ kí n tó rí i pé mo fo odindi ojú-ìwé kan. Títú u sú mi, mo bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Níwájú gbogbo ìjọ, ọ̀rọ̀ já mọ́ Màmá Afìkaríran lẹ́nu. Ìka wọn ń wá, kò rí. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, “Ogbó ti dé o, Màmá ti ń gbàgbé ìwé!” Ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo tẹrí ba, mi ò sọ pé èmi ni.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Lánàá, mo tẹ ojú-ìwé náà, mo gbé e lọ sílé Màmá Afìkaríran, mo kúnlẹ̀. Mo ní n ó tẹ odindi Májẹ̀mú Tuntun fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣáà dárí jì mí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ìdáríjì lo wá ń ná bí ẹja? Ta ló ní mo pàtẹ rẹ̀? Ọmọ yìí, ìka rẹ kan kì í tẹ ìwé dénú. Òun ni mo fi mọ̀ pé ìwọ ni, mo sì ti dárí jì ẹ́ kí n tó padà jókòó lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ wo lèmi náà ṣe kí Jésù tó kú fún mi? Dìde jàre.”

Màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìdáríjì ti wà nílẹ̀ dè mí, tí mò ń sá fún un!

Lónìí, èmi tí ẹ máa ń ní kí n gbóhùn sókè, mo dìde láàárín ìjọ, mo ní, “Èmi ni mo fo ojú-ìwé, Màmá ò gbàgbé nǹkan kan.” Màmá Afìkaríran wá ka ojú-ìwé náà já. Nígbà tí wọ́n dé ibi àmì kan tí mo tẹ̀ ní àṣìṣe, tí mo fi èékánná tẹ̀ pa, ìka wọn dúró díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n kọjá lọ.

Kí Olúwa fi irú ayọ̀ yìí kún ilé yín, kí ẹ sì pẹ́ fún wa.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ ń pè ní Adákẹ́.

Àfikún: Ẹ kò tíì fèsì lórí irọ́ tí mo pa fún yín, ṣùgbọ́n mo ti ń dúpẹ́ ná.