Fáànù Àkọ́kọ́ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Dè

                                        Ṣọ́ọ̀bù Abdulfatah Kọ̀ǹpútà,
                                        Ọ̀nà Pólì,
                                        Ìlaròó,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024.

Adéjọkẹ́, ọ̀rẹ́ àtọkànwá mi,

Báwo lo ṣe wà, báwo sì ni gbogbo ará Ìwòyè? Ṣé orúnkún Màmá kò yọ wọ́n lẹ́nu mọ́? Ẹ kú iṣẹ́ oko ẹ̀gẹ́ o. Tí o bá béèrè èmi àti ọkọ mi, a wà dáadáa, alihamudulilahi. Oṣù kejì rèé tí a ṣe nikáà, síbẹ̀ bí ẹnìkan bá pè mí ní ìyàwó lójú títì, mo ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

O rántí pé Abdulfatah ọkọ mi ṣèlérí pé òun máa kọ́ mi ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe bí mo bá ti wọlé. Mo wọlé o, àmọ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tókópì ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà á kí n má ba ohun olóhun jẹ́, èmi náà sì ń retí ọjọ́ tó máa fọkàn tán mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ mi ní òun fẹ́ dín dòdò fún ìyàwó òun, ni òróró gbígbóná bá ta sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Má rẹ́rìn-ín o! Èmi ti rẹ́rìn-ín tán. Ọwọ́ náà ṣì wà nínú báńdéèjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí Abdulrauf, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì kan, gbé kọ̀ǹpútà wá. Ó ní bí òun bá ti tàn án, á gbóná, á sì kú fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá òun wà, ọ̀la ni òun sì máa gbé e síwájú àwọn olùkọ́. Ọkọ mi yẹ inú rẹ̀ wò: fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti kú. A ní tuntun nílẹ̀, òun àti irin abẹ́ rẹ̀ tó ń gba ooru lára ọpọlọ náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Toyibat, ẹnu mi, ọwọ́ rẹ."

Abdulrauf ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tèmi kọ́ṣẹ́ o!" Àmọ́ ebi ń pa á, ó lọ jẹun.

Mo yọ wáyà iná, mo fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà náà kí iná kékeré tó máa ń wà lára èèyàn lè lọ. Ọkọ mi ní kò lè ṣe wá ní nǹkan kan, àmọ́ ó tó pa ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Mo tú nọ́ọ̀tì irin àtijọ́, mo yí irin náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣí kúrò lára ọpọlọ, n kò fà á tipátipá. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu ọpọlọ náà títí ó fi ń dán. Mo fi ìpara funfun tó ń gbé ooru láti ara ọpọlọ bọ́ sára irin sí àárín rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Mo gbé irin tuntun lé e, mo de nọ́ọ̀tì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bí mo bá yí igun kan díẹ̀, mà á bọ́ sí igun tó dojú kọ ọ́, kó má baà tẹ̀ sí apá kan. Mo ki wáyà fáànù bọ ojú ihò rẹ̀.

Mo tàn án. Fáànù ń yí, àmọ́ nọ́ńbà ooru tó hàn lójú kọ̀ǹpútà ń gùn lọ sókè bí ọ̀bọ tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi pariwo, "Pa á! Toyibat, pa á!" Mo pa á. Nígbà tó tutù, mo tún un tú. Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fi ọ̀rá tín-ínrín bo abẹ́ irin tuntun náà, n kò sì ṣí i kúrò! Mo rí i o. Ìwọ náà mọ ilé àwọn òbí mi: ọdún mẹ́fà ni àga pálọ̀ fi wà nínú ọ̀rá, rìmóòtù wa ṣì wà nínú tirẹ̀. Mo rò pé ọ̀rá yẹn ni kò ní jẹ́ kó tètè gbó. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí ọpọlọ yẹn bá ti jóná, iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ dàrú nìyẹn, ta ló sì tún máa jẹ́ kí n fọwọ́ kan sukudiráfà?

Mo ṣí ọ̀rá náà, mo nu ìpara àkọ́kọ́ kúrò, mo fi òmíràn, mo tún un dè látìbẹ̀rẹ̀. A tàn án, a jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko. Ooru dúró sójú kan.

Abdulrauf dé, ó ń dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ nǹkan kan, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo sọ fún un pé mo gbàgbé ọ̀rá lábẹ́ rẹ̀, pé ó gbóná díẹ̀ kí a tó tún un ṣe, pé bó bá yọ ọ́ lẹ́nu, kó gbé e padà kíá. Ó lanu. "Ìyàwó! Tí ẹ ò bá sọ, ta ni ì bá mọ̀?" Ó jókòó, ó lò ó fún ìdajì wákàtí lójú wa kó tó gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì ó pè pé iṣẹ́ òun ti yọrí.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá. Mo nawọ́ mú ìwé láti kọ orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, ni ọkọ mi bá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Èmi máa kọ orúkọ. Ìwọ tú u wò. Ọwọ́ ṣeé kọ́. Ẹnu tó ń jẹ́wọ́ ló ṣòro rí." Adéjọkẹ́, díẹ̀ ló kù kí n fò mọ́ ọn níwájú oníbàárà!

Bá mi kí Màmá dáadáa. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, Ọmọ́délé, pé tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ń gbóná, kó gbé e wá sí Ìlaròó. Kó béèrè èmi o, kó má béèrè ọkọ mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ayọ̀ kún inú rẹ̀,
Toyibat