Àgbò Sàráà àti Fọ́ọ̀mù Inṣọ́ránsì

Ọjọ́bọ̀, Tẹ̀dé.

Ojú tì mí lónìí níwájú ọmọ tí mo kọ́ níwèé.

Gàníyù ni, tó ń bá ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan ṣiṣẹ́ ní Ṣakí báyìí. Ìwé inṣọ́ránsì olówó pọ́ọ́kú tí mo ní, ọkọ̀ ẹni tí mo bá kọlù nìkan ló ń tún ṣe. Mo fẹ́ èyí tí yóò tún tèmi náà ṣe. Fọ́ọ̀mù tó mú wá bá mi nílé béèrè bóyá mo ti ní ìjàǹbá ọkọ̀ rí. Mo kọ "rárá".

Ọmọ náà wo ìwé, ó wo ilẹ̀. "Tíṣà, ẹ má bínú. Àgbò sàráà tí a jẹ níhìn-ín lọ́dún tó kọjá, kí lẹ torí ẹ̀ pa á?"

Màlúù ni mo kọlù lọ́nà Àgọ́-Àrẹ nígbà yẹn. Ṣáájú ìyẹn, mo ti já sí kòtò, a sì ṣe sàráà tìyẹn náà.

Ó ní tí mo bá sọ òótọ́, owó tí n ó san á lé sí i, torí wọ́n á kà mí mọ́ awakọ̀ eléwu. Tí mo bá sì purọ́, tí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀, wọn ò ní san kọ́bọ̀.

Mo fagi lé "rárá", mo kọ "ẹ̀ẹ̀mejì".

Nígbà méjèèjì, ààfáà wá, aládùúgbò wá, wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. Èmi náà ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kàn lórí fọ́ọ̀mù ni pé kí ló fà á.

Mo kọ "eré àsápajúdé". Àgbò méjì la ti pa kí n tó sọ ọ́.