Ẹ Pa Ìwé Dé, Ẹ Rántí

Ajé, 3 oṣù kẹta
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwa olùkọ́ parí ní Sátidé. Ọmọbìnrin tó kọ́ wa nípa ọpọlọ — Dókítà Alágídí ni mo sọ ọ́ — ní àkàtúnkà kì í jẹ́ kí nǹkan dúró lórí. Kí ọmọ pa ìwé dé, kó fipá rántí. Ibi tó ti ń làágùn yẹn gan-an lọpọlọ ti ń dì í mú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń pariwo "ẹ tún un kà!" Ó dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, ìbéèrè márùn-ún: ẹ pa ìwé dé, kí la kọ́ lánàá? Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń họrí. Àgbà-Kékeré, ọmọbìnrin iwájú tó ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó, gba mẹ́ta nínú márùn-ún. Inú mi dùn, eyín mi ò wọlé.

Ọjọ́rú, 12
Èmi náà dán an wò nínú ìwé yìí. Kí ni mo kọ́ wọn lánàá? Mo wá a títí. Òfìfo. Ó rẹ̀ mí ni.

Ẹtì, 14
Kí la kọ́ lánàá? Àgbà-Kékeré ní, "Oríṣi eyín mẹ́rin, Mà." N ò mọ̀ bóyá ohun tí mo kọ́ wọn nìyẹn. Mo ní ó káre.

Àìkú, 16
Àbúrò mi, nọ́ọ̀sì, wá kí mi. Mo fi ìgbàgbé mi ṣàwàdà fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti bi mí léèrè àwọn ọmọ mi látìgbà tí mo jókòó." Ó ní ká lọ rí dókítà. Mo kanra mọ́ ọn. Ó lọ sunkún ní kíṣìnnì, ó rò pé n ò gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20
Márùn-ún nínú márùn-ún, gbogbo kíláàsì! Mo fi yangàn lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹtì, 21
Mo kó ìwé wọn wálé láti máàkì. Ti Àgbà-Kékeré ló wà lókè. Ajé: bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ sára. Ìṣẹ́gun: bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ sára. Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ náà. Àwòrán kan náà, ìbéèrè márùn-ún kan náà. Mo ṣí òmíràn. Òmíràn. Ọmọ méjìlélógójì — wọ́n nawọ́, wọ́n dáhùn, wọ́n yàwòrán, bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Lẹ́yìn ìwé Àgbà-Kékeré, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ọmọ tó jókòó tì í: "Sọ fún wọn, kẹ́nikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá màmá mi nìyẹn."

Mo máàkì gbogbo rẹ̀ tán. Mo pe àbúrò mi.