Ilé Bisikíìtì tí Màmá Dórótì Kọ́

Yèyé mi àtàtà,

Ẹ kú ulé o, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àìgbúròó mi láti ọjọ́ mélòó kan. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ á ti gba Ìdó kan báyìí, ètè á ti máa bó, ẹ ó sì ti máa fi òrí pa ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá mi tí wọ́n wà ní Ayébọ̀dé, kí oko má gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ kí Àǹtí mi ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Orin Kérésì ni ẹ ó máa kọ́ nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ báyìí, ó ń ṣe mí bíi pé kí n fò wá bá yín gbe orin.

Ara mi le. Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe pé uṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́ ni. Títí di bí mo ṣe jókòó yìí, ẹnu mi ò tíì padé.

Òtútù ìlú òyìnbó yìí kì í ṣe ọyẹ́ tí ẹ mọ̀. Ara ni ọyẹ́ ń gbẹ. Eléyìí, inú egungun ló ń gbà wọlé. Oòrùn á yọ bí ẹni tó kàn wá yọjú síni, kí a tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti ń múra àtilọ. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, yàrá mi á dákẹ́ rọ́rọ́. Rédíò ni mo máa ń tàn sílẹ̀ kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn èèyàn. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́, ẹ má wò ó pé kò tó nǹkan. Bí ìlú yìí ṣe ń fi ọ̀tún fúnni ló ń fi òsì gbà á.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ń wẹ̀ wọ́n, a ń wọṣọ fún wọn, a ń fi ṣíbí bọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ò ran nǹkan mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé wọ́n ní kí n máa pe olúkúlùkù wọn lórúkọ. Ẹni tó tó bí ẹ̀yin gan-an lọ́mọ, kí n la ẹnu kí n pè é ní Dórótì! Ahọ́n mi kọ̀. Mo fi Màmá síwájú orúkọ náà. Màmá Dórótì wò mí títí, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe àwọn bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n má ṣe jáwọ́.

Láràárọ̀ ni Màmá Dórótì máa ń wọ kóòtù, wọ́n á gbé báàgì lé itan, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Líńdà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló sọ fún wọn pé àwọn kunlékunlé ń kun ilé wọn, pé bí ọ̀dà bá ti gbẹ, wọ́n á padà sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá wa ṣe sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí Màmá bá bi mí bóyá wọ́n ti kùn ún tán, màá ní ó kù díẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Kí ni ì bá mú mi rò pé irọ́ ni?

Nígbà tí Kérésì ń sún mọ́lé, ọ̀gá wa kó gbogbo wa jọ, ó ní a máa kọ́ ilé. Mo rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún ni kò yé mi. Ilé wo? Ó ní ilé bisikíìtì àti súìtì. Mo béèrè ibi tí a ó ti yan án, nítorí wọn kì í jẹ́ kí àwọn arúgbó sún mọ́ iná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a ò ní dáná rárá.

Yèyé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Páálí mílíìkì tí a ti mu tán ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n sá gbẹ. Òun ni ilé náà fara tì nínú. Wọ́n wá fi omi díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ po ṣúgà kan tó kúnná bí àtíkè, wọ́n lù ú títí ó fi ki. Kò gbọdọ̀ ṣàn bí ògì, kò sì gbọdọ̀ le bí iyán àná. Sìmẹ́ńtì wọn nìyẹn. A fi lẹ bisikíìtì mọ́ páálí yí ká, bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ́ ògiri. Bisikíìtì ńlá méjì tó forí kanrí ni òrùlé, súìtì aláwọ̀ oríṣiríṣi ni fèrèsé àti òdòdó ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n wá ku ṣúgà lé gbogbo rẹ̀ lórí, wọ́n ní yìnyín ló ń bọ́.

Mo béèrè ìgbà tí a ó jẹ ẹ́. Ọ̀gá wa ní a kì í jẹ ẹ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n á tò ó sí kí àlejò máa wò ó, bí ọdún bá ti lọ, wọ́n á dà á nù. Wọ́n á kí ni? Mo wo bisikíìtì tó kún orí tábìlì, mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣẹ́ ẹyọ kan pín fún èmi àti Bọ̀dá àti àwọn ọmọ ará ilé lọ́jọ́ Kérésì, tí a ó máa lá a kó má tètè tán. Ṣe ló dà bíi pé wọ́n ní kí n lọ da iyọ̀ sódò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn arúgbó náà kàn lẹ súìtì síbi tó wù wọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun ìkọ́lé wọn. Ṣùgbọ́n Màmá Dórótì bọ́ kóòtù lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kọ́. Wọ́n ní kí n gé bisikíìtì wẹ́wẹ́, kí a fi yọ ilé ìdáná sẹ́yìn. Wọ́n ní fèrèsé òkè kan ní apá òsì, méjì ní apá ọ̀tún. Mo fi súìtì pupa ṣe ilẹ̀kùn, wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n ní aláwọ̀ ewé ni ilẹ̀kùn. Mo tú gbogbo àpò súìtì tó wà nílẹ̀ kí n tó rí aláwọ̀ ewé tó fẹ̀ tó.

Nígbà tí a gbé òrùlé lé e, ó yọ̀ wálẹ̀. A tún gbé e, ó tún yọ̀. Mo wá sọ fún wọn pé nígbà tí bàbá mi ń kọ́ ilé alámọ̀ wa ní Ìdó, bí wọ́n bá mọ ìpele kan, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Pé ìyá mi ló sì ń pọn omi amọ̀ náà láti odò, pẹ̀lú oyún nínú. Màmá rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí títí di ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní onílé gidi ni ìyá mi, ó yá, kí a dúró. A dúró. Nígbà tí ògiri le, òrùlé jókòó.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn arúgbó wọn, Líńdà mú òdòdó lọ́wọ́ wá. Ó ń rẹ́rìn-ín sọ́tùn-ún sósì títí ó fi dé iwájú ilé tí ìyá rẹ̀ kọ́. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó yí padà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé òòyì ló ń kọ́ ọ, mo sáré tẹ̀lé e. Ó fara ti ògiri, ó ní ilé àwọn nìyẹn, pé ìyá òun ò gbàgbé fèrèsé kan. Mo ní ó ṣe dáadáa, ọ̀dà á gbẹ láìpẹ́, wọ́n á padà síbẹ̀. Ó wò mí sùn-ùn. Ó ní kò sí ọ̀dà kankan. Àwọn ti ta ilé náà láti ìgbà ooru, owó rẹ̀ ni àwọn fi ń tọ́jú Màmá níbí. Ẹlòmíràn ti ń gbé inú rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn.

Yèyé, orí mi wú. Gbogbo àárọ̀ tí mo ti ń sọ pé ó kù díẹ̀ ti di irọ́ lẹ́nu mi.

Mo bi í bóyá Màmá mọ̀. Ó ní wọn ò mọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ mọ̀, pé ọkàn wọn ò ní lè gbà á. Ó bẹ̀ mí kí n máa bá ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ. Mo ní mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Mi ò pariwo. Mo ní òun ni ọmọ, òun ni kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àwọn, pé òun á lọ bá ọ̀gá mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Iṣẹ́ yìí ló so ìwé ìgbélùú mi ró. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, mi ò mọ ibi tí n ó yà sí.

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ìró irin tí Màmá Dórótì fi ń rìn. Wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n bi Líńdà pé, àwọn wo ló ń gbé ilé àwọn báyìí? Ṣé èèyàn dáadáa ni wọ́n?

Màmá ní kí Líńdà má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, láti ọjọ́ tó ti gbé aago ara ògiri ilé ìdáná wá fún àwọn. Ta ní í gbé aago kúrò nílé tí wọ́n kàn ń kùn, tí kò ní sọ ìgbà tí yóò gbé e padà? Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, Màmá, bí ẹ bá ti mọ̀, kí wá ni ẹ ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀? Wọ́n nawọ́ sí ọmọ wọn. Wọ́n ní, òun ni. Wọ́n ní àwọn ń retí kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn.

Háà, Yèyé! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Líńdà bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní ó dun àwọn, yóò sì máa dun àwọn fún ìgbà díẹ̀ sí i. Wọ́n wá padà sínú pálọ̀ níbi tí àlejò kún sí, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọ̀bẹ.

Ọ̀gá wa dìde. Màmá fi ọ̀bẹ yọ òrùlé ilé náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n gbé e fún ẹni tó sún mọ́ wọn jù. Wọ́n ní ilé yìí, kò sẹ́ni tó máa bá àwọn tà á, kò sì sẹ́ni tó máa bá àwọn dà á nù, àwọn fúnra àwọn ló máa pín in. Gbogbo wa jẹ nínú rẹ̀. Bisikíìtì ti rọ̀, sìmẹ́ńtì ṣúgà le bí òkúta, ó dùn débi pé ó ń ta eyín. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni wọ́n yọ kẹ́yìn, wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́ Líńdà. Ó jẹ ẹ́ tomijétomijé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá wa pè mí. Mo ti ń ka àdúrà nínú. Ó ní kí n jókòó, ó ní láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má pa ìtàn kunlékunlé fún arúgbó kankan mọ́ nínú ilé náà, pé òun náà ò ní sọ ọ́ mọ́. Líńdà ò fẹjọ́ mi sùn. Màmá Dórótì ò wọ kóòtù láàárọ̀ mọ́. Wọ́n ń bínú sí ọmọ wọn lójúkojú, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé Líńdà wá ń wá lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Yèyé, èmi náà wá ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún yín. Bọ̀dá pè mí láti Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ń wá ilé kiri Ìdó, pé ọ̀kan ti wá wo ilé wa nígbà tí ẹ lọ sóko, ó sì fẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Èrò Bọ̀dá ni pé bí ọdún bá ti yí, àwọn á ní kí ẹ wá kí àwọn ọmọ n'Ìbàdàn, ẹ ò sì ní padà. Wọ́n ní kí n má tíì jẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo sọ fún wọn pé n ó kọ ọ́ sí yín. Wọ́n bínú, wọ́n pa fóònù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kẹ̀yìn sí wọn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣubú lẹ́bàá kànga ni oorun wọn ò ti já geere mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe èmi náà. Bóyá Ìbàdàn ló dára. Bóyá kí nọ́ọ̀sì náà gba yàrá ẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀yin wà nínú ilé yín. Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pe fóònù níwájú ọjà, kí ẹ pe Bọ̀dá kí ẹ tó pè mí. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ sọ fún wọn, kódà kó jẹ́ ìbínú.

Mo ti fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní ẹ̀dà kan, nítorí a pọ̀ lẹ́yìn odi tí à ń fi fóònù pín ilé àwọn ìyá wa. Mo ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ jáde àyàfi tí ẹ bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀, ojú yín ò ní ríbi, ẹ ó jẹun ọmọ títí eyín yín yóò fi gbó. Ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará àdúgbò, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ohùn yín,
Fúnmiláyọ̀